Àna Tí Mo Fi Ẹnu Mi Yàn

Kambolé, ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá, 1997

Hàjàrá ọmọ mi, kí Ọlọ́run fún ẹ ní àlàáfíà ní Sokodé níbẹ̀, kí ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù fún wa nílé, torí a nílò rẹ̀. Iṣẹ́ ìránṣọ ńkọ́? Ọ̀gá rẹ ńkọ́? Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí. Ara mi le, ara ìyá rẹ náà le, àmọ́ ó di ọjọ́ mẹ́ta tí kò ti bá mi sọ̀rọ̀, ṣe ló ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ tó ń lọ. Olùkọ́ wa Adéníyì ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ yọ ọ̀rọ̀ kankan.

Mo ti kó wa sí wàhálà. O rántí ilé ẹ̀kọ́ tí àwa ará abúlé fọwọ́ ara wa kọ́. Ẹgbẹ́ kan rán ọmọkùnrin òyìnbó kan síbẹ̀ láti ìlú wọn, Lúkì lorúkọ rẹ̀, kí ó máa ran Adéníyì lọ́wọ́, ilé wa ló ń sùn. Mo béèrè iye tí wọ́n ń san fún un, wọ́n ní wọn kì í san nǹkan kan, pé òun gan-an ló san owó bàálù tó gbé e wá. Mo ronú títí. Ta ni ń fi owó ara rẹ̀ ra ọkọ́ kó lè roko olóko? Tó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, á tún gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, á kọ ebè mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ á bó. Lọ́jọ́ kan ó rí fọ́tò rẹ lára ògiri, ó rẹ́rìn-ín. Hàjàrá, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nílé onílé, iṣẹ́ àna ló ń ṣe. Mi ò bi í léèrè, mo kàn ń retí àwọn ẹbí rẹ̀.

Ibi tí mo bọ́kàn dé nìyẹn tí jándámù méjì, àwọn ọlọ́pàá ìjọba, fi ti Tchamba dé lọ́jọ́ Jímọ̀ pẹ̀lú ìbọn. O mọ bí ìjọba ṣe ń fura sí gbogbo ènìyàn nísinsìnyí. Wọ́n ní òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ láìgbowó, ọ̀rọ̀ òṣèlú ló ń gbé kiri, ta ni ó jẹ́ sí mi? Ọmọ náà sá sẹ́yìn mi. Mo ní àna mi ni. Wọ́n ní orúkọ ìyàwó ńkọ́, mo dárúkọ rẹ. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba, mo sì fi ìka tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ àwọn á wá fojú rí ìyàwó náà, bí àwọn ò bá rí i, àwọn á mú èmi àti àlejò mi.

Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni Adéníyì tó là mí lóye pé Lúkì kò wá ìyàwó, pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìlú wọn ló ń lọ ṣiṣẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n á sì padà sílé. Lúkì ní ewúrẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ nínú fọ́tò lòun rín. Ó dùn mí.

Tàjùdíìnì wá ńkọ́, ẹni tó ti fi ọdún méjì kọ ebè fún mi nítorí rẹ, tí ìwọ náà sì fẹ́? Ìtìjú rẹ̀ ń pa mí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Tí o bá wá dúró bí ìyàwó Lúkì níwájú jándámù, gbogbo Kambolé á gbọ́, Tàjùdíìnì ò ní lè fẹ́ ẹ mọ́. Nítorí náà, má wá. Lọ́jọ́bọ̀ n ó lọ bá wọn ní Tchamba, n ó ní ẹnu mi ló ṣe é, àlejò kò mọ nǹkan kan. Ẹ̀rù ń bà mí. Ìyá rẹ kò tíì sọ̀rọ̀, àmọ́ ó ti ká aṣọ ìbora mi sínú àpò.

Tàjùdíìnì fúnra rẹ̀ ló mú lẹ́tà yìí wá. Ó rò pé ọ̀rọ̀ iṣu ni. Fún un lómi mu kí o tó sọ fún un. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ rán an sí mi, adìyẹ tí mo fi ń ṣe àna lálejò ti gba gbogbo tọwọ́ mi. Owó àlọ nìkan ni kí o fi ránṣẹ́, ti àbọ̀ wà lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹnu bàbá rẹ gbé ẹ ṣubú. Ilé ẹni tí o fẹ́ ni wàá bímọ sí. Àmín.

Bàbá rẹ, Yàhàyá