Ìyá Rẹ Ní Kí Ọkùnrin Inú Sinimá Padà Wálé

Manivanh ọmọ mi,

Ọ̀gbẹ́ni Thanakrit, ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ sinimá tó wá láti Bangkok, sọ pé ìrìn-àjò kì í ṣe ohun tí ẹsẹ̀ ń rìn. Ó ní ìfẹ́ gan-an ni ìrìn-àjò, àti pé ọjọ́ tí arìnrìn-àjò bá délé ni ìfẹ́ rẹ̀ kú. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó kí ọ, torí ó ní kí gbogbo abúlé máa rò ó, a sì ti ń rò ó láti ìgbà náà, pàápàá àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́.

Wàyí o, ṣé ara le? Báwo ni Vientiane àti ariwo rẹ̀? A kí ọ kú iṣẹ́, a kí ọ kú ìnáwó. Kí gbogbo ẹ̀mí méjìlélọ́gbọ̀n tó ń gbé ara rẹ jókòó jẹ́ẹ́ sáàyè wọn, kí ọ̀kankan má ṣáko lọ sójú títì. Ìyá rẹ wà, èmi náà wà, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi nìkan ló ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe tèmi. Ẹlẹ́dẹ̀ ti bímọ. Owó tó o fi ránṣẹ́ sínú fóònù dé láìfarapa. Mo ti gbé fóònù náà sínú apẹ̀rẹ̀ ìrẹsì, mo sì fi ọmọrí dé e, kí eku má bàa rí owó jẹ. Ìdí nìyẹn tá ò fi gbọ́ nígbà tó o pè.

Ọ̀rọ̀ sinimá yìí ló gbé bírò sí mi lọ́wọ́. Manivanh, ojú mi ti rí. Èmi tí mo fi ayé mi mú ọ̀pá dání níwájú máàpù, tí mo ń fi Saigon àti Rangoon han àwọn ọmọ tó ń tòògbé, n kò dé ọ̀kan rí nínú méjèèjì. Ọ̀gá yìí gbé pátákó kan sétí odò wa, níbi tí ìyá rẹ ti ń fọṣọ, ó ní Saigon nìyẹn. Nígbà tó ṣe, ó yí pátákó padà, ó to àga funfun díẹ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ di Rangoon. Mo lọ dúró ní Rangoon díẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára.

Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń tú ìkùukùu jáde, torí ọ̀gá ní ìkùukùu odò Mekong tiwa kì í gbọ́ràn. Wọ́n ní iná kan tó ga tó ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì. Wọ́n tan án lọ́sàn-án gangan, ilẹ̀ bá tún mọ́. Àkùkọ Bàbá Khamsing kọ, ó sì wò yíká bí ẹni tójú ń tì. Wọ́n rọ òjò sórí ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò tutù. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè nàka sí ibi tí òjò máa rọ̀ sí, kí òjò sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìtàn náà, bó ṣe yé mi, jẹ́ ti ìgbà tí àwọn Faransé ń fi ọkọ̀ eléèéfín ná odò yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ràn obìnrin ahunṣọ kan, ó sì ń lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ò ju kó máa lọ. Gbogbo ìgbà tó bá tún ń lọ, obìnrin náà á ti dàgbà sí i, òun kì í dàgbà. Mo bi ọ̀gá léèrè oúnjẹ tí ọkùnrin náà ń jẹ. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ju oúnjẹ lọ.

Ìyá rẹ ni wọ́n wá mú pé kó ṣe obìnrin náà lọ́jọ́ ogbó rẹ̀. Ọ̀gá rí i nídìí òfì lábẹ́ ilé wa, ó dúró gbagidi bí ẹni tó rí ère Búdà. Bàbá Khamsing ní, Tíṣà, wọ́n ti gba ìyàwó lọ́wọ́ rẹ, agboòrùn ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ fún ọ. Òótọ́ ló sọ, èmi ni mo ń di agboòrùn mú lé e lórí.

Gbogbo ohun tí ìyá rẹ máa ṣe ni pé kó so òwú funfun mọ́ ọrùn ọwọ́ òṣèré tó ń ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ọmọ kan tó ní ẹ̀kọ́ ilé, Anurak lorúkọ rẹ̀, kí ìyẹn wọ ọkọ̀, kó máa lọ. Ó so ó. Kò so ó bí ẹni tó ń ṣeré, ó ń pe àwọn ẹ̀mí ọmọ náà wálé pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń ṣe fún ọ. Ọkọ̀ lọ. Ọ̀gá ní ó dùn mọ́ òun dé egungun, ká tún un ṣe. Ọkọ̀ padà, ọmọbìnrin kan mú sísọ́ọ̀sì wá láti gé òwú náà kúrò. Ìyá rẹ gbá ọwọ́ Anurak mú, ó fi sábẹ́ apá. Ó ní òwú tí a fi so ẹ̀mí mọ́ ara, ṣe irun ni tí wọ́n fi ń gé e? Ló bá so òmíràn lé e. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe, títí apá ọmọ náà fi funfun bí ti ẹni tó dá léegun tí wọ́n fi aṣọ wé. Ọ̀gá kọ́kọ́ ká ọwọ́ lérí. Nígbà tó yá ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀, pé ẹrù àsìkò ló ń hàn lára ọwọ́ yẹn. Èmi rò pé òwú ni.

Ó wá ku ẹ̀ẹ̀kan. Oòrùn ti ń wọ̀. Ìyá rẹ bèèrè pé ìgbà wo lọmọ yìí ń padà bọ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní Màmá, kò ní padà, ó sì tún sọ ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò àti ìfẹ́ yẹn látòkè délẹ̀. Ìyá rẹ gbọ́ ọ tán dáadáa. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹni tá a so òwú mọ́ lọ́wọ́, a ń retí rẹ̀ ni. Èyí tá a sìn tí kò ní padà, òkú ni. Ọmọ ọlọ́mọ lẹ ní kí n máa sìn bí òkú látàárọ̀.” Ló bá jókòó sórí ẹní.

Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá ní àwọn òyìnbó máa wo sinimá yìí nílùú wọn, wọ́n á sunkún. Ìyá rẹ ní káwọn náà wá bá òun retí rẹ̀. Èmi náà dá sí i, ó ní, “Bàbá Mani, di agboòrùn rẹ mú.”

Ọ̀gá gbà pé àwọn máa ṣe ti ìpadàbọ̀. Ìyá rẹ dìde, ó so ti ìkẹyìn, ó sì dára. Lẹ́yìn náà ọ̀gá sọ nǹkan sétí Piak tó ń di kámẹ́rà mú, Piak rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ rẹ̀. Ọkọ̀ yọ lórí kọ́nà odò, kò sí ìkùukùu, kò sí òjò, iná ńlá ti kú. Anurak bọ́ sínú omi tòun ti bàtà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ìyá rẹ ní ohun tó máa sọ. Ó wo ọmọ náà látorí dẹ́sẹ̀, ó ní ṣé ó ti jẹun. Ó ní kí ló dé tó gbẹ báyìí, kí ni wọ́n ń fún un jẹ ní Saigon. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ká ìrẹsì, ó tì í bọ ọbẹ̀ ẹja, ó fi sí i lẹ́nu. Ọmọ náà jẹ ẹ́, ó gbé orí lé e lórúnkún, ó sunkún bí ọmọdé. Àwọn obìnrin abúlé ń nu ojú. Èmi ń di agboòrùn mú lórí ilẹ̀ lásán. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Piak. Ó wo ọ̀gá, ọ̀gá ṣí fìlà, ó ń wo odò.

Wọ́n ti lọ. Ìyá rẹ ní bí wọ́n bá gbé sinimá náà dé Vientiane, òun ń bọ̀. Kò bìkítà fún Saigon tàbí òjò, ti ìpadàbọ̀ yẹn ló fẹ́ wò, ó sì ti ń pe gbogbo èèyàn sí i. Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ ẹni méjì ránṣẹ́, àti ti bàtà rẹ̀, àti ti òróró tí mo fi ń ra ẹsẹ̀. Bó bá rọrùn fún ọ láti fọwọ́ ara rẹ mú un wá, a ò ní bínú.

Kí ọ̀nà rẹ máa là. Kí o rí ẹni tó máa fún ọ lóúnjẹ níbi tí ebi bá ká ọ mọ́. Kí ohun tí ò ń wá má pẹ́ kó tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ó ku ohun kan, má sì jẹ́ kí ìyá rẹ mọ̀ pé mo bi ọ́ léèrè. Àpótí dúdú kan wà tí wọ́n máa ń gbé lé kámẹ́rà lórí. Piak ti sọ fún mi pé inú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà bá rí ń wọ̀ lọ. Nígbà tí ọmọ yẹn ń sunkún, mo rí àpótí náà lórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì, díẹ̀ ló kù kí n jókòó lé e. Ìwọ tó o wà nílùú ńlá, ṣé kámẹ́rà lè rántí ohun tó rí bí inú rẹ̀ bá ṣófo?