Ọ̀wẹ̀ Tó Ba Ọkọ̀ Ọ̀gá Wa Jẹ́

                                                            Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí Kékeré,
                                                            Mpape,
                                                            Àbújá.
                                                            Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹwàá, 1988.

Yínúsà, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Rísíkàt ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ara èyí tí ibà ń ṣe nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn ti yá? Ìyá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Ìlọrin ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń wọlé? Tinútinú ni mo fi béèrè gbogbo wọn, nítorí kò sí èyí tó ṣẹ̀ mí nínú wọn. Ìwọ nìkan lo ṣẹ̀ mí. Inú ń bí mi sí ọ débi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fa lẹ́tà yìí ya, nítorí ohun tí mo kọ́kọ́ kọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ sí ẹni tí wọ́n jọ jẹun nínú àwo kan náà. Gàníyátù ìyàwó mi ní kí n mu omi tútù kí n tó mú bírò. Mo mu ún. Inú ṣì ń bí mi.

O mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n n ó tún un sọ kí o lè mọ ohun tí o bà jẹ́. Nígbà tí òyìnbó ará Amẹ́ríkà yẹn, tí Ọ̀gá máa ń bá tún ọkọ̀ ṣe, ń padà sí ìlú rẹ̀, Ọ̀gá Jàbárù tó kọ́ àwa méjèèjì níṣẹ́ panẹ́ẹ̀bítà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló fi Ṣẹ́fúrólẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ọdún 1957 sílẹ̀ fún. O rántí bí Ọ̀gá ṣe ń gbé e jáde lọ́jọ́ Jímọ̀, tí a ó máa sáré tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kú, abẹ́ igi máńgòrò ni ọkọ̀ náà wà fún ọdún mẹ́rìnlá, adìyẹ ń yé sórí àga ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí mo lọ sílé ṣe Iléyá ní ọdún méjì sẹ́yìn, Ọ̀gá pè mí. Ojú wọn ti ń ṣú nígbà náà. Wọ́n ní kí n gbé ọkọ̀ náà lọ kí n tún un ṣe láti ìpìlẹ̀, pé àwọn fẹ́ fi ọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n sì fi gbé àwọn kiri ìlú kí ọlọ́jọ́ tó dé. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tìrẹ tóbi ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n pé èmi kì í kánjú.

Ọkọ̀ agbégẹdú ló gbé e wá fún mi, láti Ògbómọ̀ṣọ́ gba Jẹ́bbà, gba Bídà, títí dé orí òkè Mpape níbí. Mo tú u palẹ̀ pátápátá, ó ku egungun rẹ̀ nìkan lórí òkúta mẹ́rin. Àwọn tó ń fọ́ òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa a máa dúró wò mí, wọ́n a kí mi ní Haúsá pé sànnu, wọ́n a sì máa rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mo ń ta àjákù irin ni. Gbogbo ibi tó ti dógùn-ún ni mo gé dànù, mo jó irin tuntun sí i. Mo gbé ẹ́ńjìnì lọ sí Kàdúná lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń rán àga ní Wuse ló rán àga rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni mo ní kó tú u nítorí ojú okùn ò tọ́. Ọjọ́ Àìkú àti ọ̀sán Jímọ̀ ni mo fi ń ṣe é, nítorí iṣẹ́ àwọn oníbàárà ni mo fi ń jẹun. Ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ nìyẹn o, Yínúsà.

Ní ti ara ọkọ̀, o mọ òfin Ọ̀gá. Ibi tó bá tẹ̀, wọ́n ní a ó fi irin tì í lábẹ́, a ó sì máa fi òòlù lù ú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi padà sípò. Ẹni tó bá po pọ́tì funfun bí ẹni po sìmẹ́ńtì, tó fi rẹ́ ibi tó tẹ̀, tó wá kùn ún kó lè dán, wọ́n ní olè ni. O rántí pé wọ́n ní kí o jẹ pọ́tì lọ́jọ́ tí wọ́n bá a lọ́wọ́ rẹ, tí o sì fi kan ahọ́n, tí o ń bì. Wọ́n máa ń ní ojú lè purọ́, àtẹ́lẹwọ́ kì í purọ́. Wọ́n á fi ọwọ́ ra ara ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n á sì fi ìka kàn án kó kó, wọ́n á mọ ibi tí iṣẹ́ ti kù. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é. Nígbà tí mo kọ̀wé sí ọ nínú oṣù kẹjọ, ilẹ̀kùn ọ̀tún, gíláàsì iwájú àti ọ̀dà ló kù. Mo tún sọ fún ọ pé ẹ̀yìn ń dùn mí. Nítorí pé o jẹ́ ọ̀rẹ́ mi ni mo ṣe sọ fún ọ, kì í ṣe pé kí o kéde mi.

Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún ni mo lọ sí Kàdúná nítorí gíláàsì náà. Ọjọ́ Àìkú ni mo padà, gíláàsì wà lórí itan mi, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e bí ọmọ tuntun, gbogbo kòtò tí ọkọ̀ bá já sí ni ọkàn mi ń já. Bí mo ṣe ń gun òkè ni mo ń gbọ́ ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́ láti ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rò pé ẹnì kan ló bímọ. Nígbà tí mo yọ sí wọn, èèyàn mẹ́tàlélógún ni mo kà, ọmọ ìlú wa ni gbogbo wọn: káfíńtà, bíríkìlà, télọ̀, àwọn tó ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Wuse. Pọ́tì funfun wà lọ́wọ́ wọn dé ìgbọ̀nwọ́. Bàbá Ọbayẹmí, alága ẹgbẹ́ wa, na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Wọ́n ní, “Sùlàímọ́nù, o ò dá wà o! A ti bá ọ parí ẹ̀!”

Láti àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ti ń ṣe é. Fẹ́ńdà òsì tó bo táyà iwájú, tí mo fi oṣù mẹ́ta lù, wọ́n ti rẹ́ ẹ ní pọ́tì, wọ́n ní àwọn rí ojú òòlù lára rẹ̀. Gírísì tí mo fi pa á kó má baà dógùn-ún, wọn ò tilẹ̀ nù ún, orí rẹ̀ ni wọ́n rẹ́ pọ́tì lé. Ilẹ̀kùn ọ̀tún tí mo gé ibi tó jẹrà kúrò lára rẹ̀, tí mo fẹ́ jó irin tuntun sí, wọ́n ki àpò sìmẹ́ńtì bọ inú ihò yẹn, wọ́n fi pọ́tì bò ó, ó ń dán gbinrin. Àtàndá tó ń kun ọkọ̀ akẹ́rù wá kun gbogbo rẹ̀ ní pupa. Pupa, Yínúsà! Ọkọ̀ tó jẹ́ àwọ̀ ojú ọ̀run láti Amẹ́ríkà wá. Kò tán síbẹ̀ o, ó fi ọ̀dà yẹ́lò kọ ÌFẸ́ LÓ JÙ gàdàgbà gàdàgbà sẹ́yìn búùtù.

O mọ̀ pé a kì í kọ ọ̀wẹ̀. Ẹni tí ará ìlú bá ṣe ọ̀wẹ̀ fún, oúnjẹ ló ń fún wọn, kì í bú wọn. Ọ̀wẹ̀ oko la mọ̀, ọ̀wẹ̀ ilé kíkọ́ la mọ̀, ogún èèyàn lè bo òrùlé lọ́jọ́ kan kó má sì jò. Ta ló gbọ́ ọ̀wẹ̀ ọkọ̀ rí? Àwọn yẹn ò mọ̀, mi ò bá wọn wí. Ẹyin lohùn, mo mọ̀ pé bí mo bá la ẹnu lọ́jọ́ náà, ohun tó máa fọ́ ò ní ṣeé kó jọ láàárín èmi àti wọn. Mo bá ń rẹ́rìn-ín. Mo ra mínírà, Gàníyátù tún ìrẹsì sè kún èyí tó ti sè, mo ń kí wọn níkọ̀ọ̀kan, ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á bá wa san án. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo wọ yàrá, mo ki fìlà mi bọ ẹnu, mo sì sunkún.

Kí wọ́n tó lọ ni Bàbá Ọbayẹmí fi lẹ́tà hàn mí. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ. Ìwọ lo kọ̀wé sí wọn pé ẹ̀yìn Sùlàímọ́nù ti ń kọ̀, pé pọ́tì àti ọ̀dà nìkan ló kù, pé kí ẹgbẹ́ ṣàánú mi. O tún fi agolo pọ́tì méjì rán awakọ̀ Ìlọrin sí wọn! Ìwọ tí Ọ̀gá kọ́, tí o mọ adùn pọ́tì lẹ́nu ara rẹ! Bí ó bá jẹ́ káfíńtà ló rò ó bẹ́ẹ̀, n ó gbà. Ìwọ ńkọ́?

Lọ́jọ́ Ajé, ọlọ́lá kan láti Maitama dá mọ́tò rẹ̀ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Awakọ̀ rẹ̀ ń pariwo “Kai! Kai!”, ọ̀gá rẹ̀ ní kí n ta ọkọ̀ náà fún òun, pé òun fẹ́ fi gbé ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ òun. Mo ní kì í ṣe títà. Ojú lásán ló fi rí i. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ ha pọ́tì kúrò lára fẹ́ńdà òsì, ó ń ṣí bí èèpo ẹyin nítorí gírísì abẹ́ rẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé kó tó pé oṣù kan, n ó ti yọ ọ́ kúrò láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Mi ò mọ̀ pé Ọ̀gá ti wà ní Kàdúná.

Ọjọ́ Rú ni wọ́n dé, láìròtẹ́lẹ̀. Ìdáyátù ọmọ wọn obìnrin ló fà wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n lọ fi ojú wọn han dókítà, dókítà sì ti ní kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i mọ́, ó ti fọ́ tán. Wọ́n ní àwọn ò lè kọjá láìyà wá fọwọ́ kan ọkọ̀ àwọn. Bàbá Ọbayẹmí àti Àtàndá gbọ́, wọ́n sáré wá kí wọn. Ọ̀gá ò jókòó, wọn ò gba omi, wọ́n ní kí n mú àwọn dé ìdí rẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra á lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ òyìnbó yẹn, wọ́n ń sọ bó ṣe máa ń fọn fèrè ọkọ̀ náà. Ọwọ́ wọn dé ilẹ̀kùn ọ̀tún. Ó dúró. Wọ́n fi ìka kàn án, kò dún bí irin. Wọ́n tún un kàn. Wọ́n wá béèrè pé, “Ta ló ṣe ilẹ̀kùn yìí?”

Bàbá Ọbayẹmí ti la ẹnu. Ayọ̀ ló wà lójú wọn, wọ́n fẹ́ sọ pé gbogbo àwọn ni. Àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ po pọ́tì fún mi. Ṣé kí n jẹ́ kí Ọ̀gá pè wọ́n ní olè lójú Àtàndá àti àwọn aládùúgbò ni? Mo yára sọ pé, “Èmi ni, Ọ̀gá.”

Ọ̀gá gbé ọwọ́ kúrò. Wọ́n ní, “Mo rò pé ìwọ kì í kánjú.” Wọ́n ní kí Ìdáyátù mú àwọn padà sínú mọ́tò tó gbé wọn wá. Wọn ò gbọ́ ẹ́ńjìnì, wọn ò jókòó sórí àga tí mo mú kí wọ́n rán lẹ́ẹ̀mejì. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, wọ́n ní kí awakọ̀ máa lọ. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ọwọ́ ló kù tó fi ń rí ayé, irọ́ sì ni ọwọ́ Ọ̀gá rí lára mi.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ rèé, mi ò bẹ̀ ọ́. Ìlọrin sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju wákàtí kan lọ. Lọ bá Ọ̀gá. Má rán ẹnikẹ́ni, má sì kọ lẹ́tà sí ẹni tí kò lè kà á. Jókòó sílẹ̀ níwájú wọn, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ pé ìwọ Yínúsà lo fi pọ́tì ránṣẹ́. Má dárúkọ Bàbá Ọbayẹmí, má dárúkọ ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá gbá ọ létí, gbé etí kejì fún wọn. Má sì sọ pé ìfẹ́ ló mú ọ ṣe é. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù, nítorí bó bá jẹ́ ìkà lo fẹ́ ṣe mí, ǹ bá mọ bí n ó ṣe bá ọ jà.

Lẹ́yìn náà, wọ ọkọ̀ Àbújá, kí o sì mú òòlù rẹ dání. Mo ti tú ilẹ̀kùn ọ̀tún sílẹ̀, mo ti fa àpò sìmẹ́ńtì yọ, ihò rẹ̀ la ẹnu sílẹ̀. Mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ìwọ ni wàá jó irin rẹ̀, ìwọ ni wàá lù ú, bó gba oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí o bá dé ibí láìkọ́kọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, má wọlé mi.

Bá mi kí Rísíkàt, bá mi kí ìyá, sọ fún wọn pé àdúrà wọn ni mo ń fẹ́. Fi ọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí fún mi. Gàníyátù ní kí n kí ọ. Ó ní òun ò bá ọ jà, èmi ni mò ń bá ọ jà.

Èmi ni ẹni tó gba ẹ̀bi rẹ rù níwájú Ọ̀gá wa,

Sùlàímọ́nù Àyàndá.