Ẹni Tó Dúró fún Màmá

Sí Ẹni Ọ̀wọ̀ tí ó ti fi ilé ayé sílẹ̀,

Àwa, Dókítà Àgbà tí ó ń bójú tó gbogbo ilé ìwòsàn láti Èkó títí dé Agége, fi ìwé yìí sọ fún yín pé a ti gba ìyàwó yín sí iṣẹ́ aṣọ fífọ̀. A kí yín.

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ó tó báyìí. Ẹ ti mọ ohùn mi. Irú ìwé yìí gan-an ni mo kọ, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ náà jẹ́ mọ́ Màmá lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn ẹ̀bá rélùwéè kì í gba ẹni tí kò bá ti ọwọ́ ojúlùmọ̀ wá. Agbẹ̀bí ló mú kúùkù wá, kúùkù mú ẹni tó ń ṣọ́ géètì wá, ìyẹn náà mú àbúrò rẹ̀ tó ń pọnmi wá. Ta ni àwa mọ̀? Ẹ̀yin lẹ mọ èèyàn. Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìlagi ní Ìkẹjà kò tún yà sọ́dọ̀ wa mọ́ láti ìgbà tí a ti sin yín.

Ni mo bá sọ ara mi di Dókítà Àgbà. Mo purọ́ fún Màmá pé ọ̀rẹ́ yín kan ló kọ ìwé náà. Wọn ò mọ̀wé kà, wọ́n gbé e lọ.

Mo gbàgbé pé ìwé kì í dúró fún èèyàn. Onídùúró gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kó sọ ilé tí wọ́n ti máa bá òun tí nǹkan bá sọnù. Nọ́ọ̀sì kà á tán, wọ́n ní kí Màmá mú dókítà náà wá lọ́jọ́bọ̀. Màmá darí dé tayọ̀tayọ̀, wọ́n lọ yá àga, bóyá dókítà á kọ́kọ́ yà nílé wa. Bàbá, àga yẹn ló mú mi jẹ́wọ́.

Wọn ò nà mí. Ì bá sàn kí wọ́n nà mí. Wọ́n kàn jókòó sórí àga náà.

Bàbá Télọ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú sí ilé wa, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ló ń rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wo ni ǹ bá fi bẹ̀ wọ́n? Ṣé ẹ rántí bí mo ṣe máa ń sín wọn jẹ, tí màá há ẹyọ ìgbálẹ̀ sẹ́nu bí ẹni há abẹ́rẹ́ sẹ́nu, tí ẹ ó sì fi fìlà bojú kí n má baà rí i pé ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín?

Lọ́jọ́bọ̀, Bàbá Télọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa, wọ́n bá Màmá lọ. Mo tẹ̀lé wọn, mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì béèrè dókítà.

“Ọmọdé ló kọ ìyẹn,” Bàbá Télọ̀ dá wọn lóhùn. “Èmi ni onídùúró.”

Nọ́ọ̀sì ní ṣé ẹbí wọn ni Màmá ni.

“Rárá o. Ìdí ẹ̀rọ mi ni mo ti ń wò ó. Oṣù méje lọkọ rẹ̀ fi ṣàìsàn. Láràárọ̀ ló ń gbé e síta sí oòrùn, tó ń se aṣọ tí ọkọ bá bì sí nínú omi gbígbóná. Ọkùnrin yẹn ò sùn lórí aṣọ ìdọ̀tí lọ́jọ́ kan. Tí nǹkan bá sọnù níbí, ẹ wá mú mi.”

Nọ́ọ̀sì ní kí Màmá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Bàbá, ọkàn mi ti balẹ̀, bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo oṣù méje yẹn, mo rò pé kò sẹ́ni tó ń rí wa. Ṣé ẹ̀yin mọ̀ pé Bàbá Télọ̀ ń wò wá?

Èmi ọmọ yín ni mo kọ ọ́, asínnijẹ ilé yín, tí kò bá dókítà kankan jókòó rí, tó sì fẹ́ràn yín títí láé.