Màmá Golabatun Nikbin, Ẹni Tí Fíìmù Sọ Di Odi

Ní abúlé Deh-Sangi, lẹ́bàá òkè Kerman ní ilẹ̀ Iran, ni wọ́n ti bí olóògbé Màmá Golabatun Nikbin ní ọdún 1941, nígbà ìkórè èso àjàrà. Yadollah tó ń da àgùntàn ni bàbá rẹ̀. Mahpareh, ọ̀gá àwọn tó ń hun kápẹ́ẹ̀tì, ni ìyá rẹ̀. Ilé náà kì í ṣe ilé ìdákẹ́. Ẹbí fẹ́ kí gbogbo ẹni tó wá síbi òkú yìí mọ ìyẹn ná.

Ó kọ́ kéú lọ́dọ̀ ìyàwó àáfà abúlé, ó sì tètè bọ́ sídìí òfì. Ní Deh-Sangi, ẹnì kan ló ń fi ohùn bí orin pe ọnà, ìyẹn àwọ̀ òwú tó kàn, fún gbogbo obìnrin tó jókòó sídìí òfì: "Pupa méjì, aró kan, ẹ fo ọ̀kan." Àwọn yòókù á dáhùn pé, "Ó ti wọlé," wọn á sì ta kókó. Nígbà tí Mahpareh kú ní 1958, Golabatun ló bọ́ sípò rẹ̀. Àwọn darandaran lórí òkè ń gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n sì mọ ìgbà tó bá ń bínú.

Ní 1959 ó fẹ́ Safarali tó ń rán bàtà. Safarali ló ń gbé tíì lọ bá a nídìí òfì. Àwọn ọkùnrin a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Safarali, ìyàwó ẹ tún ti rán ẹ níṣẹ́." Òun náà a ní, "Ẹ jẹ́ kí n yára, kó má lọ pe orúkọ mi mọ́ òwú."

Ní 1992 ni ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe fíìmù ti Tehran dé. Àlejò Ọlọ́hun ni wọ́n ń pe àlejò ní Deh-Sangi. Ohun tó bá bèèrè, wọn kì í fi dù ú. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ búrẹ́dì àti iyọ̀ Golabatun, ẹni tó bá sì jẹ iyọ̀ ilé kan níbẹ̀ kò gbọdọ̀ dalẹ̀ onílé. Wọ́n fi àpò bo ẹ̀rọ omi àgbàlá rẹ̀, wọ́n ní kó lọ pọnmi lókè láìwọ bàtà, ìyàwó ẹni tó ń rán bàtà! Nígbà tó di ti òfì, ọ̀gbẹ́ni náà ní, "Màmá, ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́ yín ló máa sọ̀rọ̀."

"Bí mo bá dákẹ́, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ṣé kápẹ́ẹ̀tì ń hun ara ẹ̀ ni?"

"Ìjọba ò ní jẹ́ kí ohùn obìnrin tó ń kọrin jáde nínú fíìmù, Màmá."

"Ta ló ń kọrin? Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

Ó bẹ̀ ẹ́ títí. Àlejò ni. Golabatun dákẹ́.

Fíìmù náà gba ẹ̀bùn káàkiri ayé. Odi ni Golabatun nínú rẹ̀, òṣèré kan tó ṣe ọkọ rẹ̀ sì ń fi ìgbànú nà án. Ẹbí kò sọ pé ìyà ò sí ní Deh-Sangi. Kò sí agbẹ̀bí, ọ̀nà kò dára, àwọn ọkọ kan sì ń lu ìyàwó wọn. Golabatun sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn nídìí tíì. Kò gbé kámẹ́rà sí i. Lọ́jọ́ kan, nínú bọ́ọ̀sì Kerman, obìnrin kan tó dá Golabatun mọ̀ tutọ́ sẹ́sẹ̀ Safarali. Safarali kò wọ bọ́ọ̀sì mọ́ títí tó fi kú ní 2006. Ẹni tó jẹ iyọ̀ tán, tó fọ́ àwo iyọ̀, kí là ń pè é? Inú ń bí ẹbí títí dòní, kí ẹnikẹ́ni má sì bẹ̀ wọ́n.

Olóògbé kì í fi ìrun ṣeré. Òun ló kó àwọn obìnrin lọ bá àwọn aláṣẹ títí wọ́n fi rán agbẹ̀bí wá ní 1998. Akọ̀wé kan níbẹ̀ wò ó, ó ní, "Ìyá odi inú fíìmù nìyí." Golabatun ní, "Odi? Jókòó, kí o gbọ́." Iṣẹ́ ọ́fíìsì parí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì parí.

Ó kú ní ọjọ́ Àlàmísì tó kọjá. Ẹbí kò ní kọ ọ́ síbí pé ó dákẹ́. Lánàá, àwọn tó ṣe fíìmù náà gbé òdòdó wá láti Tehran, wọ́n kọ ọ́ sí i pé, "Fún obìnrin tó fi ìdákẹ́ kọ́ ayé." Àkọ́bí rẹ̀, Esmat, pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ gbé e padà," ló wí. "A ò mọ ẹni yẹn níbí."

Ó fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ, Esmat, Hojjat àti Nosrat, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ. Taraneh nínú wọn ló ń pe ọnà nísinsìnyí.

Létí sàréè lónìí, Esmat yóò pe ọnà tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn jù. Kí gbogbo obìnrin dáhùn sókè. Ẹni tó bá gbé kámẹ́rà wá, kó jẹ́ kó gba ohùn.

Golabatun, ọmọ Yadollah, kí Ọlọ́hun fi alijánnà kẹ́ ọ. Sinmi. Ilé rẹ kò ní dákẹ́.