Fóònù Kò Tíì Ní Kí N Rán Aṣọ Tíṣà

Ẹlẹ́rọ mi, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìwé, mo sì kí ọ kú ìdánìkanwà, nítorí mo mọ̀ pé òun ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Ṣé ara rẹ yá? Ṣé o ń jẹun kí o tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, àbí ìgbà tó o bá dìde lo máa ń rántí pé o ní ikùn? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú dùn ọ́, kí ẹ̀yìn má ro ọ́, kí iná má lọ mọ́ ọ lọ́wọ́ nígbà tó o bá ń ṣe ohun tó ṣe pàtàkì. Àwa níbí wà dáadáa. Bàbá rẹ náà wà dáadáa, àfi orúnkún rẹ̀ tó ń ké bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì ní kí n má kọ ọ́ sínú lẹ́tà, nítorí náà má jẹ́ kó mọ̀ pé o gbọ́.

Mo mọ̀ pé á yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ, tí mi ò pè ọ́. Kì í ṣe pé fóònù bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ áàpù tó o ṣe fún mi ni mo fẹ́ sọ, inú fóònù náà ló sì wà. Mi ò rò pé ó dáa kéèyàn máa sọ̀rọ̀ ẹni lójú ẹni, kí áàpù náà wá gbọ́ pé ọkàn ẹni tó ṣe òun ti kúrò lára òun, kí òun náà sì jáwọ́. Nítorí náà mo fi fóònù sílẹ̀ ní yàrá, mo fi aṣọ bò ó, mo wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti kọ èyí.

O rántí ọjọ́ tó o gbé e sínú fóònù mi nígbà tó o wá sílé fún ìsinmi. O ní kí n máa kó ìwọ̀n gbogbo oníbàárà mi sínú rẹ̀, àyà, ìbàdí, gígùn apá, àti ọjọ́ tí wọ́n máa wá gba aṣọ, pé tí ọjọ́ bá ti ń sún mọ́, fóònù á dún, á ní kí n bẹ̀rẹ̀ aṣọ lágbájá. O ní ibi tó ti ń dún yẹn nìkan ló kù, pé tó o bá ti padà dé iléèwé, kíá lo máa parí ẹ̀. Mo gbà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kó wọn síbẹ̀, mi ò yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, áàpù náà máa ń bi mí pé ṣé ó dá mi lójú, èmi náà á sì dá a lóhùn pé ó dá mi lójú o, ọmọ mi, má bẹ̀rù. Káfíńtà ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní mo ti ń bá fóònù sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ní kó fi mí sílẹ̀, pé bí áàpù ṣe ń béèrè yẹn, ìwọ gan-an ni, nítorí tí wọ́n bá rán ọ ní iyọ̀ nígbà tó o wà ní kékeré, o máa ń padà láti ẹnu ọ̀nà wá béèrè pé ṣé iyọ̀ ni wọ́n ní. Ti pásíwọ́ọ̀dù tó o ní kí n má jẹ́ kó sọnù, fọkàn balẹ̀. Mo ti kọ́ bàbá rẹ, mo ti kọ́ káfíńtà, mo sì ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lè rán mi létí.

Ìṣòro tó wá wà ni pé fóònù kò tíì dún. Mo sì rò ó pé tí mo bá ń ránṣọ láìjẹ́ pé ó sọ fún mi, á dà bíi pé mo fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ rẹ. Kí ni yóò tún wá sọ fún mi lọ́jọ́ tó bá ṣetán, tí mo bá ti rán gbogbo rẹ̀ tán? Nítorí náà mò ń dúró dè é. Mò ń nu máṣíìnì, mò ń to òwú, mò ń gbá ibi tí mo ti gbá. Àwọn oníbàárà ń wá, mo sì ń sọ fún wọn pé fóònù ò tíì sọ̀rọ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan kó aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ télọ̀ ìsàlẹ̀ òpópónà, ẹni tí kò ní ọmọ tó ń ṣe áàpù. Bàbá rẹ ní tó bá ń lọ báyìí, èmi àti fóònù la máa jókòó máa wo ojú ara wa.

Nígbà tó o wá pè lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó o ní o fẹ́ pa á tì, àyà mi já. O ní o fi han àwọn ọmọ kíláàsì rẹ, ọ̀kan nínú wọn sì rẹ́rìn-ín, ó ní irú ẹ̀ ti pọ̀ lọ jàra lórí fóònù. Mo rò ó títí. Ẹ̀wù tó wà lọ́rùn ẹni yẹn ńkọ́? Ṣé kò sí ẹ̀wù láyé kí wọ́n tó rán tiẹ̀ ni? Ká ní nítorí pé ẹ̀wù ti wà ni wọn ò fi rán òmíràn, ìhòòhò ni ì bá wá sí kíláàsì, ẹ̀rín náà ì bá sì yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn tó pọ̀ lórí fóònù yẹn, ṣé wọ́n mọ̀ pé ojú mi kì í rí lẹ́tà wẹ́wẹ́, kí wọ́n fi ńlá kọ ọ́ fún mi bíi tìrẹ?

O tún ní ìtara rẹ ló tán. Mo bi bàbá rẹ bóyá bíi dátà ni ìtara yẹn, kéèyàn lè fi owó sí i. Ó ní òun ò mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó lo odindi oṣù láti yí ojú áàpù padà sí àwọ̀ ewé, tó tún dá a padà sí búlúù, ilẹ̀kùn ilé tí kò tíì ní òrùlé ló ń kùn yẹn. Má bínú sí i, orúnkún ló ń dùn ún. Ní tèmi, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ò bá wù mí ṣe, mi kì í sọ fún ara mi pé mo fẹ́ ránṣọ. Màá ní kí n kàn fi òwú sínú abẹ́rẹ́ lásán. Tí mo bá ti fi sí i, ojú á wá tì mí láti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, màá ní kí n kúkú rán ọrùn. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ abẹ́rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, bá mi wá a.

Èyí tó tún ń dùn mí ni pé o ní o ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. O ní ibùsùn àti tábìlì ló kún yàrá rẹ, pé tó o bá na ẹsẹ̀, ó ti kan ògiri, pé láti àárọ̀ Sátidé títí di àárọ̀ Mọ́ńdè, o lè má la ẹnu bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n o tún sọ pé ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tìrẹ máa ń súfèé tó bá ń fọ bàtà. Mo ti ronú sí i. Tépù tó o bá nínú àpò lẹ́tà yìí, tèmi ni, èyí tí mo fẹ́ràn jù. Mú un, kan ilẹ̀kùn ẹni yẹn, kí i dáadáa, kí o ní ìyá rẹ ló ní kí o wá wọn àyà rẹ̀. Tó bá ní kí ló dé, sọ fún un pé áàpù kan lò ń ṣe, pé o fẹ́ wò ó bóyá ó ń gba ìwọ̀n ẹni tó ga. Mi ò rò pé ẹni tó ń súfèé sí bàtà lè le mọ́ èèyàn. Mo ti ń wọn èèyàn kí n tó bí ọ, mi ò sì tíì rí ẹni tí mo wọn àyà rẹ̀ tí kò bá mi sọ̀rọ̀. Tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti wà nínú áàpù, òun náà á máa bi ọ́ pé ibo lo bá iṣẹ́ náà dé, wàá sì rí nǹkan dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ Tíṣà ló wá kù, obìnrin tó kọ́ ọ ní ìṣirò. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń bọ̀ láti òkè òkun, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fojú kan ara wọn. Òpin oṣù yìí ló máa lọ pàdé rẹ̀, aṣọ tuntun ló sì fẹ́ wọ̀ lọ. Ó wá wò ó lánàá, ó bá aṣọ náà ní kíká lórí tábìlì, odindi, bó ṣe gbé e wá. Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ṣàlàyé fún àwọn yòókù. Ó jókòó, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní ṣé ọmọ tó máa ń rí ìdáhùn tó tọ̀nà tán, tó máa wá pa á rẹ́ yẹn ni. Mo ní òun ni. Mi ò lè jẹ́ kí ojú tì í níwájú ọmọ rẹ̀, nítorí náà mo ní màá rán an, àmọ́ màá fi etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láìṣẹ́ títí fóònù á fi dún. Ó dìde, ó ní, “Kò burú. Tí kò bá dún, màá wọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀, kó máa wọ́ nílẹ̀. Tí ọmọ mi bá bi mí pé ta ló rán an, màá ní ìyá télọ̀ wa ni, ọmọ wọn ni kò tíì parí ẹ̀.” Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ìṣó fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra òwú tó bá aṣọ Tíṣà mu, tí màá fi ṣẹ́ etí rẹ̀. Má jẹ́ kó gba ara ẹ̀rọ tó ń pọ owó lára ògiri báńkì. Nígbà tó kọjá, mo kí i, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé pélébé kan ló yọ sí mi bí ahọ́n, àwọn tó wà lẹ́yìn mi sì ń rẹ́rìn-ín. Fi í rán awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹni tí ẹ jọ máa rẹ́rìn-ín. Kí ó tì ọ́ lẹ́yìn dé ìparí, kí iṣẹ́ rẹ sì jẹ́ ohun tí èèyàn ń dúró dè.

Mo ti rán aṣọ náà, ó wà lórí ìkọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, etí rẹ̀ ń gbálẹ̀ fún mi. Bí fóònù bá ṣe dún báyìí ni màá ṣẹ́ ẹ.

Èmi ni ìyá rẹ.