Agolo Eégbọn Màmá

Sátidé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá, 1974

Ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Takisí mẹ́ta ló kọ̀ láti gbé ajá, ni èmi àti Bóbì bá fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ní Yábàá délé ní Sùúrùlérè.

Ṣùgbọ́n mo rí páúdà tó ń pa eégbọn rà. Mo wọ́n ọn sí i lára látorí dé ìrù, mo fi àkísà ra á wọnú irun rẹ̀. Dókítà ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí di ọ̀la.

Mo rò pé inú ìyá ọkọ mi á dùn. Látìgbà tí wọ́n ti Ìjẹ̀bú wá bá wa gbé, àwọn ló ń ṣa eégbọn ara ajá yìí. Tó bá ti di aago márùn-ún, wọ́n á gbé àpótí sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á bu kẹrosíìnì sínú agolo mílíìkì, wọ́n á máa já eégbọn sínú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa ro ẹjọ́ gbogbo wa fún Bóbì.

Lónìí náà wọ́n jókòó. Bóbì lọ gbé orí lé wọn nítan. Mo sáré fi okùn ọrùn rẹ̀ fà á kúrò.

"Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Oògùn wà lára ẹ̀. Ẹ ò ní ṣa eégbọn mọ́."

Wọ́n wo agolo ọwọ́ wọn. "O ṣé, ìyàwó mi. Kí ni kí n wá máa ṣe nírọ̀lẹ́ báyìí?"

Bóyá kí n máa lọ jókòó tì wọ́n. Ṣùgbọ́n láago márùn-ún lọ́jọ́ iṣẹ́, èmi fúnra mi ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń ti ọ́fíìsì bọ̀ ni...

Ọdún méjì nìyí tí mo ti ń rò pé torí eégbọn ni wọ́n ṣe ń jókòó ti ajá.