Awakọ̀ Apá Òsì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Àlàáfíà la wà. Orókùn ṣì ń dùn mí, àmọ́ òrùlé ilé ìdáná kò jò mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni tó o ní kó wá ra ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ dé lánàá. A gbé e wọkọ̀ kó lè rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́. O mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní jíà tirẹ̀. Látìgbà àìsàn rọpárọsẹ̀ yẹn, ọwọ́ òsì bàbá rẹ kò lè di nǹkan mú, èmi ni mo ń di jíà òsì mú. Nígbà tá a dé etí èbúté, wọ́n fi sítíárì sílẹ̀, wọ́n rọra ti jíà ọ̀tún síwájú, wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹ̀yìn! Díẹ̀díẹ̀ o!" Mo fa jíà òsì sẹ́yìn. Ọkọ̀ yí lójú kan bí ẹni ń jó, ó gúnlẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni ní, "Ta ni awakọ̀ gan-an nínú yín?"

Bàbá rẹ ní, "Àwa méjèèjì ni. Ìwọ tó o fẹ́ rà á, ìyàwó tìẹ ńkọ́?"

Ni bàbá rẹ bá bú sẹ́rìn-ín. Látìgbà tá a ti kúrò nílé ìwòsàn, mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn rí. Mo ní kí ọ̀gbẹ́ni máa lọ sílé.

Mo mọ̀ pé àánú wa ló ṣe ọ́. Àmọ́ tá a bá tà á, kí ni bàbá rẹ á máa fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe? Tó o bá pè, má bi wọ́n léèrè ọwọ́ mọ́. Bi wọ́n bí a ṣe gúnlẹ̀.

Fi oògùn orókùn ránṣẹ́ o, orí ìdúró ni mo ti ń wakọ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá forí lé, ẹ ó gúnlẹ̀ láyọ̀.

Èmi ìyá rẹ,
ọwọ́ òsì bàbá rẹ.